Ìyá Mi Wádìí Bóòtù Mẹ́ta

Ọdún tí fùláwà di ọ̀wọ́n gógó, tí ìjọba ológun ní kí á lọ máa fi àgbàdo ṣe búrẹ́dì, ilé iṣẹ́ bisikíìtì wa ní Ọba Àkran rán gbogbo wa lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n pè é ní ìsinmi. Èmi ò tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Súpáfáísọ̀ ni mí ní yàrá tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí, mo sì fẹ́ràn yàrá yẹn, torí pé níbẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í bi mí pé, "Uswat, ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì ẹ?"

Ìrẹsì ìgbéyàwó ni wọ́n ń sọ. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà náà, mi ò tíì lọ́kọ, ó sì ti di iṣẹ́ gbogbo Dọ̀pẹ̀mú láti máa rán mi létí, àfi bí ẹni pé mo gbàgbé. Ìyá mi gan-an ni ọ̀gá wọn. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni wàá máa gbé e fún ọkọ ẹ." Tí mo bá sín, á ní ọkọ mi ló ń dárúkọ mi níbi tó wà. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ìyá mi, tó bá mọ orúkọ mi, kí ló dé tí kò mọlé?"

Ẹ má rò pé a ò fẹ́ràn ara wa o. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ará Ogbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, fìlà ló ń fi ọwọ́ ran fún àwọn tó ń tà á, mi ò sì rí i kó jókòó lásán rí. Ibi ìkómọ pàápàá, á mú abẹ́rẹ́ lọ. Nínú ìsinmi tí mi ò tọrọ yìí ni mo wá jókòó wò ó láti àárọ̀ dalẹ́, bó ṣe tẹ orí ba fìlà ẹni ẹlẹ́ni, tó ń sún abẹ́rẹ́ mọ́ ojú. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, obìnrin yìí á jáde lọ gbádùn ara ẹ̀ lọ́jọ́ kan, owó àjọ mi ì báà tán síbẹ̀.

Quadri àbúrò mi ló mú ọ̀rọ̀ bóòtù wá. Ó ń tún táípúráítà ṣe ní òpópónà Ọ̀tìgbà, gbogbo ìròyìn Ìkẹjà ló sì ń gba etí ẹ̀ kọjá. Ó ní àwọn èèyàn ti ń fi bóòtù ńlá ṣe fàájì ní Èkó báyìí: wọ́n á gbé yín láti Màríìnà, ẹ ó gba orí ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì, ẹ ó jẹ, ẹ ó mu, ẹ ó padà nírọ̀lẹ́. Ó kó ìwé pélébé aláwọ̀ mẹ́ta jáde lápò, ti ilé iṣẹ́ bóòtù mẹ́ta. Òun àti Adébísọ́lá ìyàwó ẹ̀ náà fẹ́ lọ. Nínú ìdílé wa, kò sẹ́ni tó wọ bóòtù rí, àtọmọdé àtàgbà.

Mo kọ́kọ́ dúnàádúrà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo ní, "Ìyá mi, mo fẹ́ gbé yín lọ sórí omi. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa gbà lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà tí a bá ti jáde nílé títí a ó fi padà, ẹ ò ní dárúkọ ọkọ fún mi. Kì í ṣe ní àdúrà, kì í ṣe ní òwe, kì í ṣe ní orin."

Ó wò mí sùn-ùn. Ó ní, "Odindi ọjọ́ kan?"

Mo ní, "Odindi ọjọ́ kan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣèlérí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bí ọmọ tó ti dàgbà sílé, tàbí tí ẹ jẹ́ ọmọ náà gan-an, ẹ̀yin lẹ máa mọ bí ọjọ́ kan yẹn ti tó lójú mi. Mo fẹ́ jókòó ti ìyá mi bí ọmọ ṣe ń jókòó ti ìyá, kí ó wò mí, kó má jẹ́ ohun tí mi ò ní ló ń wò.

Ó wá ku bóòtù tí a máa wọ̀. Quadri fẹ́ èyí tó ní gbọ̀ngàn ijó. Adébísọ́lá fẹ́ èyí tí oúnjẹ wà nínú owó ẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tó funfun jù, tí àga rẹ̀ ní agbòòrùn lórí. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àríyànjiyàn títí ìyá mi fi gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wa, tó dojú wọn délẹ̀.

Ó ní, "Bóòtù kì í wa ara ẹ̀. Ta ló ń wà á? Ọmọ ta ni?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan níbí. Ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń fi ọmọ fọ́kọ láì kọ́kọ́ wá ìyá mi wá, torí òun ló mọ ìwádìí ṣe jù. Á lọ sí àdúgbò ọkọ àfẹ́sọ́nà, á jókòó ti àwọn ará ibẹ̀, á bá wọn sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gààrí. Nígbà tó bá fi máa dìde, á ti mọ̀ bóyá wèrè wà nínú ìdílé ọmọkùnrin náà, bóyá bàbá ẹ̀ ń na ìyá ẹ̀, bóyá ó ní ìyàwó kan níbòmíràn. Òfin àkọ́kọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹni tó ń ṣe ìwádìí kì í sọ ohun tó bá wá. Ó ní tí wọ́n bá ti mọ ohun tóo bá wá, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún ẹ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ìyá mi sì ti pinnu láti wolé kí ó tó wọ bóòtù.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èmi àti òun. A dé ófíìsì àkọ́kọ́ ní Allen Avenue. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́, ọmọbìnrin kan sì jókòó síbẹ̀ tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó kí wa káàbọ̀, ó fi àwòrán hàn wá. Ìyá mi béèrè orúkọ ẹni tó ń wa bóòtù. Ọmọbìnrin náà ní òyìnbó ni, kápítéènì gidi, ó ti lọ gbogbo òkun ayé.

Ìyá mi ní, "Ta ló mọ ìyá ẹ̀ nínú yín?"

Ọmọbìnrin náà wò mí bí ẹni tó ń wá olùrànlọ́wọ́. Èmi náà ń wo òrùlé. A dìde, a kí i, a jáde. Lójú ìyá mi, ìyẹn ti parí.

Kápítéènì kejì, ọmọ Agége ni, kò jìnnà sí ojú irin. Tiẹ̀ ò tilẹ̀ gba ìyá mi lákòókò. Ó ra ẹ̀pà lọ́wọ́ aládùúgbò ọkùnrin náà, ó jókòó, ó tún padà wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó ní ògógóró ni ọkùnrin náà fi ń fọ ẹnu láàárọ̀. Mo ní bóyá irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ó ní, "Uswat, nígbà tí bóòtù bá ń rì, wàá lọ béèrè bóyá irọ́ ni."

Ìkẹta ló wá kù, bóòtù tí wọ́n ń pè ní *Ìtura*. Ìwé tiẹ̀ ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwòrán ẹ̀ ò tiẹ̀ hàn. Kápítéènì tó ni ín ń jẹ́ Suara, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló dàgbà sí ní Onígbòǹgbò. Ibẹ̀ la gbà lọ. Ìyá Munirat ni wọ́n ń pe àǹtí náà, obìnrin gíga kan tó ń ta sìmẹ́ńtì níwájú ilé. Ó fún wa lága, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ jọ bú SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ìyá mi ti rọra yà. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ yín kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi, iṣẹ́ tó gba akin. Ṣé ó máa ń bínú? Ìyá Munirat ní Suara ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Ṣé kì í mutí? Ó ní omi àti tíì nìkan. Ìyá mi ní ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ìdílé yín le, ẹ ò mọ àrùn. Ṣé kò sí wárápá, kò sí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú rí nílé yín? Obìnrin náà ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí. Ṣé ó ń kírun? Ó ń kírun. Ṣé ó máa ń sùn dáadáa lóru? Níbẹ̀ ni Ìyá Munirat rẹ́rìn-ín díẹ̀, tó ní òun rò pé ó ń sùn dáadáa.

Mo rí i pé ó yí ojú sí mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bi ìyá mi bóyá èmi ni àkọ́bí. Ó ní kí n dìde bá òun gbé mínírà wá láti inú ilé. Mo dìde, mo gbé e wá, mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Ó ní, "Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́." Mo rò pé ó ti fura pé bóòtù la bá wá, pé ó ń wò mí bóyá mi ò wúwo jù fún un ni.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Èyí ni. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni. Ọkàn mi balẹ̀." Kò sì sọ fún Ìyá Munirat pé bóòtù ló mú wa wá, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí. Quadri lọ sanwó fún wa, ó fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ọjọ́ Sọ́ńdè.

Ọjọ́ Sọ́ńdè náà dára. Ìyá mi wọ léèsì tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí, kò sì mú abẹ́rẹ́ kankan dání. Ó di apá mi mú bí a ṣe ń gun pátákó wọ *Ìtura*, ó ń ka Bismillah lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bóòtù náà ò funfun, gbọ̀ngàn ijó ò sí, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Nígbà tí wọ́n tú okùn, tí Màríìnà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn, ìyá mi tú ọwọ́ ẹ̀ lára mi díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè ẹ̀. Ó ń wo omi bí ọmọdé, ó ní, "Uswat, ṣé ibí ni omi yìí wà látọjọ́ yìí?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rárá. Adébísọ́lá ti ń rẹ́rìn-ín sí mi látẹ̀yìn.

Ìgbà náà ni Ìyá Munirat jáde láti ìsàlẹ̀ bóòtù. Obìnrin àgbà méjì tẹ̀ lé e, wọ́n múra bí ẹni ń lọ sílé àna. Wọ́n gbé kúlà ńlá kan sáàárín wa, wọ́n ṣí i: ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná, ẹja díndín tó tóbi bí apá mi. Wọ́n kí ìyá mi, wọ́n kí i, kíkí náà ò tán. Ọ̀kan nínú wọn wá fi ọwọ́ rọra gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ìyàwó wa rèé?"

Ìyá Munirat ní, "Òun ni. Ẹ̀yin àna wa, ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá. Bí ẹ ṣe lọ tán lọ́jọ́ yẹn ni mo sọ fún gbogbo ilé pé wọ́n ti wá wádìí Suara. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ẹ ti gba àyè nínú bóòtù ẹ̀, mo ní háà, wọ́n fẹ́ wá wo ojú ọmọ ni. Àwa náà bá ní kí á wá wo ojú ìyàwó."

Mo wo ìyá mi. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ ṣú, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Lẹ́yìn náà ó yé e, ojú yẹn sì tàn yanran. Mo rí i kedere. Gbogbo àdúrà tó ti ń gbà láti ọdún yìí wá ló gbé kúlà wá bá a lórí omi.

Inú mi bàjẹ́, kí n má tàn yín. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan náà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Obìnrin tó ti ṣe ìwádìí tí kò lóǹkà, ṣé kò mọ ohun tí ìyá ọmọ á rò tí wọ́n bá bi í léèrè wárápá, tí ọmọbìnrin kan sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́? Mo ní lọ́kàn mi pé òun náà ló yan bóòtù. Mo ní ìlérí tó ṣe fún mi, ẹ̀tàn ni. Mi ò lè bá a jà lójú àlejò, mo bá dìde, mo gba iwájú bóòtù lọ.

Kápítéènì Suara ló wà níbẹ̀, ó di ìdarí bóòtù mú. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó ti ní ewú díẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yíjú sómi.

Ó ní, "Sístà, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó mi?"

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ó ní, "Àǹtí mi. Òwúrọ̀ yìí ni mo ń da epo sí ẹ́ńjìnnì, ló ní kí n lọ wọ ẹ̀wù tó mọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Àwọn náà kì í jẹ́ kí n rímú mí nílé. Kí lẹ rò pé mo fi ń gbé inú bóòtù?"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Èmi, yàrá bisikíìtì ni mò ń sá sí."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin ní ibi tí ẹ ti lè jẹun."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Èèyàn dáadáa ni, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò wẹ inú mi mọ́. Mo padà sẹ́yìn láti lọ pe ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ o, pẹ̀lú léèsì ẹ̀, níwájú Ìyá Munirat tí òun fi ọdún jù lọ. Ó ń sọ pé, "Ẹ forí jì mí. Bóòtù ni mo wá wádìí. Omi ló ń bà mí lẹ́rù, mo fẹ́ mọ irú ẹni tí mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lé lọ́wọ́. Irú ìwádìí kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, òun náà ni mo ṣe. Àṣìṣe tèmi ni. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Ìyá Munirat fà á dìde kíákíá. Ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, kí ló dé tí a ò ní í sọ ọ́ di òótọ́? Ọmọ yín dára lójú wa. Ọmọ wa ò lábùkù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wádìí ẹ̀."

Ìwádìí ìyá mi ló tún ń lé e kiri. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yẹn. Mo ti gbọ́ ọ ní àárọ̀, ní ọ̀sán, nídìí àdúrà Jímọ̀, nígbà tí mo bá sín. Ó yíjú, ó rí mi níbi tí mo dúró sí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọmọ yín ì bá wù mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbé mi jáde lónìí, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò ní í sọ ọ́. Tó bá sì dọ̀la, òun ni yóò sọ fúnra ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ó pe ẹni tó jẹ́ àbúrò ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, kó lè fi tù ú. Àwọn obìnrin méjì yẹn wo ara wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ máa bẹ́, pé wọ́n á gbé kúlà wọn padà sísàlẹ̀. Ìyá Munirat mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìkọ́kọrẹ́ sáwo. Ó ní, "Ẹ jẹun jàre. Ẹja ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Quadri tó ti ń wo ẹja yẹn látọjọ́ ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi ò jẹ púpọ̀. Ó wá sẹ́bàá bóòtù, ó jókòó, mo lọ jókòó tì í. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo rò sí i, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé mo rò ó, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Omi ń lọ lábẹ́ wa.

Mo ní, "Ìyá mi, ó wù yín. Mo rí i lójú yín."

Ó ní, "Ó wù mí. Kí ni màá fi pa mọ́?" Ó fi ìka tẹ orúnkún mi. "Má pè é ní ọ̀rọ̀ ọkọ, mo ti ṣèlérí. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìkan ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti kú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n dìde, kí á jáde. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo wá jókòó síbí láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi, mo ní, nígbà tí èmi ò bá sí mọ́, ta ni yóò wá sọ fún Uswat pé kó dìde kí wọ́n jáde? Òun ni mo ti ń bá ẹ wá kiri. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo bá jáde. Ẹ̀yin lẹ wà níbí."

Ó ní, "Ní báyìí."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, kò sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta gààrí. Mo fà á mọ́ra, mo gbé orí lé èjìká ẹ̀, léèsì yẹn ń rin mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ gbá mi mú. A jókòó bẹ́ẹ̀ dé Àgbádárìgì.